Abẹ́rẹ́ àjẹsára fún ẹni tó ń ṣe dáyálísísì: ohun tí ẹ máa ń bi wá l'Ékìtì àti ìdáhùn rẹ̀

Àwọn tó ń ṣe dáyálísísì, ìyẹn fífi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ nígbà tí kíndìnrín kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, ní Adó àti Ìdó-Èkìtì, pẹ̀lú àwọn ará ilé tó ń tẹ̀lé wọn wá, ló ń bi wá ní ìbéèrè wọ̀nyí ṣáá. Ẹ lè mú un dání lọ bá dókítà yín.

Mo ti wà lórí ẹ̀rọ ná. Kí ni mo tún ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára fún?

Lẹ́yìn àìsàn ọkàn, àkóràn ló ń pa ẹni tó ń ṣe dáyálísísì jù. Lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀ lẹ ń wọ ilé ìwòsàn, ẹ ń jókòó ti àwọn aláìsàn mìíràn fún wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin, ẹ̀jẹ̀ yín ń jáde, ó ń wọlé. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wálẹ̀ nínú ara yín, wọ́n á tún fa ti ẹlòmíràn sí i. Ọ̀nà tí kòkòrò lè gbà wọlé pọ̀ ju ti ẹni tó jókòó sílé lọ.

Àwọn wo gan-an ni mo nílò?

Mẹ́rin ló ṣe kókó fún àgbàlagbà: ti àrùn mẹ́dọ̀wú B, èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní hẹpatáítísì B, ti òtútù àyà, ti ọ̀fìnkìn líle tí wọ́n ń pè ní flu, àti ti COVID-19. Ẹ fi tẹ́tánọ́ọ̀sì kún un bó bá ti tó ọdún mẹ́wàá tí ẹ gbà á kẹ́yìn.

Ká sòótọ́, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló máa ń wà nílẹ̀ nígbà tí ẹ bá bèèrè, kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ lowó ń ká. Bó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo lagbára yín gbé lónìí, mẹ́dọ̀wú B ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún mẹ́dọ̀wú C, kò sì sí fún HIV. Ẹni tó bá ní òun ń tà á, owó yín ló ń wò.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ lára wa bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lára ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ dá ṣáṣá?

Rárá. Bí 100 àgbàlagbà tí ara wọn le bá gba abẹ́rẹ́ mẹ́dọ̀wú B pé, ó lé ní 90 nínú wọn tí yóò rí ààbò. Láàárín àwọn tó ń ṣe dáyálísísì, nǹkan bí 50 sí 80 ni, ó sinmi lórí ọjọ́ orí, bóyá ìtọ̀ ṣúgà wà ńbẹ̀, àti iye oògùn tí wọ́n fún wọn. Ààbò tó bá sì wà náà máa ń tètè ṣá.

Àwọn kan gbọ́ èyí, wọ́n ní ta ló wá fẹ́ fi owó ṣòfò. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí abẹ́rẹ́ bá jẹ́ lára rẹ̀ rí ààbò gidi. Ní ti flu, òtútù àyà àti COVID-19, bí àrùn bá tiẹ̀ ráyè wọlé, ó sábà máa ń fúyẹ́ ju bó ṣe máa rí lára ẹni tí kò gba nǹkan kan. Ohun tí a kàn ń sọ ni pé gbígbà nìkan kò tó: ẹ ní láti wádìí bóyá ó jẹ́. A ó dé ibẹ̀.

Kí ló fà á tí kì í fi í jẹ́ dáadáa lára wa?

Abẹ́rẹ́ àjẹsára kì í fúnra rẹ̀ pa àrùn. Iṣẹ́ rẹ̀ dà bí ìgbà tí a bá fi àwòrán olè han ọdẹ àdúgbò kó lè dá a mọ̀ bó bá yọjú. Bí ọdẹ bá ti rẹ̀, tí oorun ń kùn ún, yóò wo àwòrán náà, yóò sì gbàgbé ojú olè. Ìdọ̀tí tí kíndìnrín kò lè tì jáde mọ́ ló ń ṣe sẹ́ẹ̀lì tó ń bá àrùn jà bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ kì í sì í kó gbogbo ìdọ̀tí náà tán.

Àìtó ẹ̀jẹ̀ àti oúnjẹ tún ń dá kún un. Purotéènì ni ara fi ń ṣe èròjà agbóguntàrùn, dáyálísísì sì ń kó díẹ̀ lọ nínú purotéènì ara. A mọ̀ pé ọmọ Èkìtì tí kò jẹ iyán kò tíì jẹun, ṣùgbọ́n òkèlè rìgìdì mẹ́fà pẹ̀lú ẹja tín-ín-rín kan kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹ jẹ́ kí ẹja, ẹyin tàbí ẹran inú ọbẹ̀ pọ̀ díẹ̀, kí ẹ sì bi onímọ̀ oúnjẹ ilé ìwòsàn yín léèrè iye iṣu tó yẹ yín, nítorí pọtásíọ́mù inú rẹ̀, èròjà kan tí kíndìnrín yín kò lè tì jáde.

Ẹni tó yẹ kó wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ tó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lowó rẹ̀ gbé, abẹ́rẹ́ rẹ̀ náà á jìyà rẹ̀. A ò bá ẹnikẹ́ni wí lórí èyí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé ní àwọn ilé ìwòsàn àpapọ̀ kan, ẹ̀ẹ̀kan dáyálísísì yóò wálẹ̀ láti 50,000 náírà sí 12,000. Ẹ máa bèèrè níbi tí ẹ ti ń ṣe é bóyá ó ti kàn yín.

Kí ló dé tí ẹ fi ń pariwo mẹ́dọ̀wú B ju ìyókù lọ?

Nítorí ó pọ̀ láàárín wa, kì í sì í ké. Nínú ìwádìí ńlá tí ìjọba ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2018, nǹkan bí 8 nínú 100 àgbàlagbà ló ní kòkòrò rẹ̀ lẹ́jẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀, torí ara kò ro wọ́n. Ẹ̀jẹ̀ tó kéré débi pé ojú kò rí i lè gbé kòkòrò náà, ó sì lè wà láàyè fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko lára apá àga, lára bọ́tìnì ẹ̀rọ, lára síṣọ́ọ̀sì tí wọ́n fi gé pílásítà. Bó bá sì wọ ara ẹni tó ń ṣe dáyálísísì, ó máa ń ṣòro fún ara láti lé e jáde, yóò jókòó sínú ẹ̀dọ̀.

Ní Edinburgh, ní ilẹ̀ Scotland, láàárín 1969 sí 1970, mẹ́dọ̀wú jà nílé dáyálísísì kan, ó pa aláìsàn, ó pa òṣìṣẹ́ ìlera. Ní Amẹ́ríkà ní 1974, nǹkan bí 6 nínú 100 aláìsàn dáyálísísì ló kó o láàárín ọdún kan péré. Ní 1977 wọ́n gbé ìlànà kalẹ̀: àyẹ̀wò déédéé, ẹ̀rọ ọ̀tọ̀ fún ẹni tó ní in, ìbọ̀wọ́ tuntun fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó fi di 1980, ó ti wálẹ̀ sí 1 nínú 100.

Ẹ wo ọdún yẹn dáadáa. Abẹ́rẹ́ àjẹsára mẹ́dọ̀wú B kò tíì jáde nígbà náà! Ìbọ̀wọ́ àti ìmọ́tótó ló ṣe é. Nítorí náà, bí nọ́ọ̀sì bá fẹ́ fi ìbọ̀wọ́ tó fi kan ẹnì kejì kàn yín, ẹ ní "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pààrọ̀ ìbọ̀wọ́ yẹn." Kì í ṣe àfojúdi, kódà bó jẹ́ ọmọdé ló ń bá àgbà sọ̀rọ̀.

Ṣé kí n kàn lọ gún un ni?

Ẹ kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Mẹ́ta ni wọ́n máa ń kọ sórí ìwé láàbù: HBsAg, tó ń sọ bóyá kòkòrò wà lára yín báyìí, anti-HBc, tó ń sọ bóyá ẹ ti pàdé rẹ̀ rí, àti anti-HBs, tó ń sọ bóyá ẹ ní ààbò. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà nílẹ̀ wa ló ti pàdé kòkòrò yìí ní kékeré, tí ara wọn sì ti ṣẹ́gun rẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè máà nílò abẹ́rẹ́ kankan. Ẹni tí kòkòrò wà lára rẹ̀ báyìí, abẹ́rẹ́ àjẹsára kò ní wò ó sàn. Dókítà ẹ̀dọ̀ ló kàn.

Ìyàwó mi gba ìgò kan lẹ́ẹ̀kan, èmi gba méjì. Ṣé wọn ò ṣe àṣìṣe?

Wọn ò ṣe àṣìṣe. Ìwọ̀n àgbàlagbà jẹ́ 20 máíkírógíráàmù, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Ti ẹni tó ń ṣe dáyálísísì jẹ́ 40, bó bá sì jẹ́ ìgò oní-20 méjì ni wọ́n ń lò, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni: ọjọ́ àkọ́kọ́, lẹ́yìn oṣù kan, lẹ́yìn oṣù méjì, lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Oríṣi kan wà tí wọ́n ṣe ní 40 sínú ìgò kan, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta nìyẹn. Ẹ ka ìwé tó wà nínú páálí.

Ẹni tí wọ́n fún ní ìgò kan ṣoṣo nílé oògùn tí kò sọ fún wọn pé òun ń ṣe dáyálísísì, ìdajì ló gbà. Èyí ni a máa ń bá pàdé jù.

Apá wo ni kí wọ́n gún un sí, ọjọ́ wo?

Iṣan èjìká ni, ní apá tí fístúlà (ojú iṣan ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ ṣe fún dáyálísísì) kò sí. Kì í ṣe ìdí: ọ̀rá ìdí kì í jẹ́ kó jẹ́ dáadáa. Bó bá jẹ́ ọjọ́ dáyálísísì, ó dára kí wọ́n gún un kí wọ́n tó fún yín ní hẹ́párìn, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú ẹ̀rọ. Bó bá jẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ẹ fi òwú tẹ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ má kàn nù ún kẹ́ ẹ máa lọ.

Ṣé ẹ̀rọ kò ní fọ oògùn náà jáde?

Kò ní fọ̀ ọ́. Inú iṣan ló wà, kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń yí ká. Èròjà agbóguntàrùn tí ara bá ṣe láti ara rẹ̀ sì tóbi ju ihò asẹ́ ẹ̀rọ lọ.

Ọjọ́ abẹ́rẹ́ kejì ti kọjá mi. Ṣé mo máa bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ni?

Rárá o. Ibi tí ẹ dé ni kí ẹ ti tẹ̀síwájú, kíákíá.

Mo fẹ́ rà á l'Ádó, kí n gbé e lọ gún ní Ọ̀mùò. Ṣé ó dáa?

Ó dáa bí ẹ bá mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e. Láàárín 2 sí 8 lórí ìwọ̀n Sẹ́síọ́sì ló gbọ́dọ̀ wà. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé oòrùn ń bà á jẹ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé dídì ń ba abẹ́rẹ́ mẹ́dọ̀wú B jẹ́ ju oòrùn lọ. Bó bá ti dì lẹ́ẹ̀kan, ó tán, bó tilẹ̀ tún yọ́ padà. Ẹ má gbé e sínú fìríísà. Inú kúlà, ẹ má jẹ́ kí ìgò fara kan yìnyín; ẹ fi aṣọ tàbí ìwé ìròyìn wé e.

Kí wọ́n tó fà á sínú síríńjì, ẹ ní kí wọ́n mi ìgò náà níṣojú yín. Èyí tó dáa máa ń funfun bákan náà látòkè délẹ̀. Bí ẹ bá rí ẹyọ ẹyọ funfun tó ń fò nínú rẹ̀, tó sì ń tètè rọ̀ sílẹ̀ tí omi òkè ń mọ́, ó ti dì rí. Ẹ má gbà á. Pẹ̀lú bí iná ṣe ń ṣe wá yìí, ẹ bi ilé oògùn náà bóyá fíríìjì wọn ní sólà tàbí jẹnẹrétọ̀, kí ẹ tó sanwó.

Ara mi gbóná lẹ́yìn abẹ́rẹ́. Ṣé kí n fara dà á?

Kí ara gbóná díẹ̀ tàbí kí èjìká ro yín fún ọjọ́ kan sí méjì, kò burú. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ rọ́bà tí wọ́n fi sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ọrùn lẹ fi ń ṣe dáyálísísì, tí ara gbóná tí otútù sì ń mú yín gbọ̀n, ẹ má dì í ru abẹ́rẹ́. Ẹ padà sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí kòkòrò lè ti gba inú rọ́bà wọ ẹ̀jẹ̀, ìyẹn sì ń pani. Ẹ má gbé àgbo mu sí i: ọ̀pọ̀ ewé ló kún fún pọtásíọ́mù tí kíndìnrín yín kò lè tì jáde.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó jẹ́?

Ojú kò lè rí i, ara kò lè sọ ọ́. Oṣù kan sí méjì lẹ́yìn abẹ́rẹ́ tó kẹ́yìn, ẹ ṣe àyẹ̀wò anti-HBs tí wọ́n ń kọ nọ́ńbà sí, kì í ṣe èyí tó kàn ń sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Bó bá tó 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ní ààbò. Ẹ kọ nọ́ńbà náà àti ọjọ́ rẹ̀ sẹ́yìn káàdì yín.

Lẹ́yìn náà, lọ́dọọdún ni kí ẹ máa tún un ṣe. Àgbàlagbà tí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ kò nílò èyí, nítorí ara rẹ̀ máa ń rántí kòkòrò náà kódà bí nọ́ńbà bá lọ sílẹ̀. Ẹni tó ń ṣe dáyálísísì kò lè gbẹ́kẹ̀ lé ìyẹn. Bó bá wá sísàlẹ̀ 10, abẹ́rẹ́ kan ni wọ́n á fi gbé e sókè.

Mo gba gbogbo rẹ̀ pé, nọ́ńbà mi kò tó 10. Ṣé owó mi ti wọgbó nìyẹn?

Kò tíì wọgbó. Wọ́n á tún gbogbo rẹ̀ fún yín lẹ́ẹ̀kejì, ó sì máa ń jẹ́ lára àwọn kan tí kò jẹ́ lára wọn lákọ̀ọ́kọ́. Bí ti ẹ̀ẹ̀kejì náà bá kọ̀, wọ́n á ka yín sí ẹni tí kò ní ààbò: àyẹ̀wò HBsAg lóṣooṣù, àti ìbọ̀wọ́ tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní kòkòrò náà bá kàn yín, ẹ sọ kíá, nítorí abẹ́rẹ́ èròjà agbóguntàrùn tí a ti ṣe sílẹ̀ wà, wákàtí díẹ̀ àkọ́kọ́ ló sì dára jù fún un.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn abẹ́rẹ́, láàbù ní mo ti ní mẹ́dọ̀wú B! Ṣé abẹ́rẹ́ ló kó o ràn mí?

Abẹ́rẹ́ náà kò lè kó o ràn yín. Kò sí kòkòrò nínú rẹ̀. Awọ ara kòkòrò ni wọ́n fi ṣe é, awọ yẹn gan-an sì ni àyẹ̀wò HBsAg ń wá. Ó lè máa hàn nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì àbọ̀ lẹ́yìn abẹ́rẹ́. Ẹ jẹ́ kó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí ẹ tó ṣe HBsAg.

Bí wọ́n bá ti ṣe é tó sì ti hàn, ẹ fi ọjọ́ tí ẹ gba abẹ́rẹ́ han dókítà, kí wọ́n sì tún un ṣe nígbà tó bá yá. Ìdílé ti dàrú nítorí ìwé láàbù báyìí.

Ẹnì kan ní mẹ́dọ̀wú B ní yàrá dáyálísísì wa. Ṣé ká má jókòó tì í?

Ẹ̀rọ tirẹ̀ ló yẹ kó dá wà, àti àwọn ohun èlò rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kọ́ la ń sá fún: kì í ran èèyàn nípa ìkíni, ìjókòó tàbí ọ̀rọ̀ sísọ. Ẹ má fi orúkọ rẹ̀ ròyìn káàkiri Ọjà Ọba.

Àwọn ará ilé mi ńkọ́?

Ìyàwó, ọkọ àti ọmọ tó ti dàgbà, kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò, kí wọ́n sì gba tiwọn, ìwọ̀n àgbàlagbà lásán. Ọdún 2004 ni mẹ́dọ̀wú B wọ abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọdé ní Nàìjíríà, nítorí náà ọ̀pọ̀ ẹni tí wọ́n bí ṣáájú ìgbà yẹn kò gbà á rí. Ti ọmọ tuntun, ọ̀fẹ́ ni ní ìlé ìlera àdúgbò: ọjọ́ tí wọ́n bí i, lẹ́yìn náà ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14. Ẹ má jọ lo bíléèdì tàbí kílípà.

Mo ti gba ti COVID-19 ní 2021. Ṣé kò tó?

AstraZeneca ló kọ́kọ́ dé Nàìjíríà, ní oṣù kẹta 2021, òun ni ọ̀pọ̀ gbà. Àwọn tó ń ṣe dáyálísísì tó gba oríṣi mRNA bíi Pfizer àti Moderna lẹ́ẹ̀mejì, nínú ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ni èròjà agbóguntàrùn ti hàn, ṣùgbọ́n ó kéré sí ti ẹni tí ara rẹ̀ le, ó sì ti rọ̀ láàárín oṣù mẹ́fà. Abẹ́rẹ́ kẹta ló gbé e padà sókè. Ti 2021 nìkan kò tó mọ́. Ẹ bèèrè èyí tó wà nílẹ̀.

Ti òtútù àyà àti flu?

Ti òtútù àyà, ẹ béèrè PCV20 bó bá wà, ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Bó bá jẹ́ PCV13 tàbí PCV15 ni wọ́n ní, PPSV23 ló máa ń tẹ̀lé e, ó kéré tán lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 8. Ti flu, èyí tí wọ́n ń gún ni kí ẹ gbà, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fín sí imú, torí kòkòrò ààyè tí wọ́n ti sọ di aláìlágbára ló wà nínú ìyẹn.

Mò ń lọ sí Mẹ́kà tàbí Jerúsálẹ́mù. Wọ́n ní kí n gba ti ibà pọ́njú.

Ẹ kọ́kọ́ wá káàdì yẹ́lò yín àtijọ́. Láti oṣù keje 2016, abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú kan ti tó fún gbogbo ayé ẹni, bí wọ́n bá tilẹ̀ kọ ọdún mẹ́wàá sórí káàdì náà. Ẹ lè máà nílò òmíràn.

Bí ẹ kò bá gbà á rí, ẹ má lọ gún un lójú ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú. Kòkòrò ààyè ló wà nínú rẹ̀, ewu rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i bí èèyàn bá ti kọjá 60. Dókítà yín ló máa wọn ewu náà, ó sì lè kọ ìwé ìyọ̀ǹda pé àìlera kò jẹ́ kí ẹ gbà á. Ti yírùnyírùn tí Saudi ń béèrè lọ́wọ́ alálàájì kò ní kòkòrò ààyè. Ẹ gbà á, ó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá kí ẹ tó gúnlẹ̀.

Kíndìnrín bàbá mi ti ń bàjẹ́, ṣùgbọ́n wọn ò tíì gbé e dórí ẹ̀rọ. Ṣé ká dúró?

Ẹ má dúró. Àsìkò yìí gan-an ló dára jù, torí bí kíndìnrín bá ṣe ń kú sí i ni abẹ́rẹ́ ṣe ń rọ̀ sí i. Ẹni tó bá ti gba mẹ́dọ̀wú B pé kí ó tó dórí ẹ̀rọ sábà máa ń ní nọ́ńbà tó ga ju ẹni tó dúró dìgbà yẹn lọ. Bí dókítà kò bá dárúkọ rẹ̀, ẹ̀yin ọmọ ni kí ẹ dá a sílẹ̀.

Wọ́n fẹ́ pààrọ̀ kíndìnrín mi. Kí ni kí n gbà, kí ni kí n yẹra fún?

Gbogbo èyí tó bá ní kòkòrò ààyè nínú, bíi ti ibà pọ́njú àti èéyi, ṣáájú ni, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú iṣẹ́ abẹ. Lẹ́yìn ìpààrọ̀, wọn kì í gún un mọ́, torí oògùn tí kò ní jẹ́ kí ara kọ kíndìnrín tuntun máa ń so ọwọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń bá àrùn jà. Àwọn tí kò ní kòkòrò ààyè, ẹ gbìyànjú kí wọ́n parí ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, a lè gba ti flu láti oṣù kan. Ìyókù máa ń dúró di oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà.

Ìṣòro tó ń bá àwọn tiwa ni pé ìgbà tí owó India bá jọ tán, tí fisà jáde, ni wọ́n máa ń rántí abẹ́rẹ́. Mẹ́dọ̀wú B nìkan ń gba oṣù mẹ́fà. Ọjọ́ tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí kó owó jọ ni kí ẹ gba ti àkọ́kọ́, kí ẹni tó fẹ́ fi kíndìnrín sílẹ̀ náà sì lọ ṣe àyẹ̀wò mẹ́dọ̀wú B tirẹ̀ lọ́sẹ̀ kan náà.